Ajé Gúnlẹ̀, Pàǹtí Gúnlẹ̀: Ìtàn Ẹ̀rọ Tòkunbọ̀ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Àwọn tó kọ́kọ́ pe ibùdó wọn ní Ajégúnlẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni "gúnlẹ̀". Ohun tó bá ti ojú omi bọ̀, tó fi ìdí kan ilẹ̀, tó sì dúró, òun ni wọ́n ń sọ pé ó gúnlẹ̀. Ajégúnlẹ̀ pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n bóyá ni orúkọ náà fi bá èyíkéyìí mu tó ti Èkó, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn. Àpápá ni aládùúgbò rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀ ní tòótọ́ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àdúrà náà gbà. Ajé gúnlẹ̀. Ohun tí kò sí nínú àdúrà náà ni pàǹtí tí ajé ń kó dání.

Ẹ̀rọ ayárabíàṣá, fóònù àti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wà lára ẹrù tó ti ń gúnlẹ̀ sí etí omi yìí fún ìran kan gbáko. Bí àwọn aláṣẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọrọ̀ ajé orí ayélujára, wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lásán ni: owó tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ọ̀rọ̀ tí ń fò láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, iṣẹ́ tí kò ní èéfín. Ẹni tó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà èbúté Àpápá yóò rí i pé ọrọ̀ ajé náà wúwo. Tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, inú kọ̀ńténà ló ń sùn wá, ó sì ní ọjọ́ ikú. Ibi tí òkú rẹ̀ ń wọlẹ̀ sí, àti ẹni tó ń san owó ìsìnkú náà, ni ìtàn yìí dá lé.

Kí Àpápá tó di èbúté, ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀. Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, béèrè owó gbà-má-bínú. Ìjọba fèsì pé Olúwa kì í ṣe onílẹ̀ pátápátá, pé ẹ̀tọ́ àtigba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ló ní, nítorí náà owó kékeré ló tọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ tó wà nílé gbè sẹ́yìn ìjọba. Olúwa kò gbà. Ó gba orí omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council, tí í ṣe ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, dá Olúwa láre. Wọ́n ní ti àwùjọ ni ilẹ̀ náà, àti pé bí ìjọba yóò bá gbà á, kí ó san owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba ohun tó jẹ́ ti onílé tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọdún 1921 yẹn kan náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní Àpápá. Bí àwọn ọ̀gá amúnisìn ṣe ń gbé òkúta sínú omi ni òfin ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé ní olówó rẹ̀. Ìdájọ́ náà bá ohun tí àwọn baba ti mọ̀ tipẹ́ mu: ilẹ̀ kì í ṣe ti alààyè nìkan, ó jẹ́ ti òkú, ó sì jẹ́ ti ọmọ tí a kò tíì bí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ àwùjọ wá ọrọ̀ gbọ́dọ̀ san gbèsè fún gbogbo wọn. Ó yẹ kí a fi ìlànà yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà bá a níwájú.

Èbúté fa ènìyàn. Àwọn tó ń ru ẹrù, àwọn tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó yí Àpápá ká, gbogbo wọn nílò ibi tí wọn yóò sùn sí, owó ọ̀yà wọn kò sì tó ilé Àpápá. Ajégúnlẹ̀ gbà wọ́n. Yorùbá wá, Ìlàjẹ wá, Íjọ̀, Úróbò, Ìgbò àti Haúsá wá, títí àdúgbò náà fi di ibi tí ènìyàn ti lè gbọ́ èdè mẹ́wàá láàárín òpópónà kan. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tó lé ní 680,000 ní Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn. Ní Àpápá, tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, nǹkan bí 217,000 ni wọ́n kà. Àpápá ní èbúté, Ajégúnlẹ̀ ní àwọn tó ń gbé e ró.

Ìgbà kan ti wà tí èbúté yìí kọ́ orílẹ̀-èdè lọ́gbọ́n nípa ẹrù tí a kò kà kí a tó pè é. Ní àárín ọdún 1974 sí 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọlé, ìjọba ológun ra sìmẹ́ńtì tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè. Èbúté kò lè gba ju ìdá kékeré nínú rẹ̀ lọ lọ́dún. Ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sórí omi lẹ́yìn Èkó, wọ́n ń dúró de ààyè, Nàìjíríà sì ń san owó ìtanràn fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi dúró. Sìmẹ́ńtì púpọ̀ gan sínú ọkọ̀. Láti dín ìfúnpọ̀ náà kù ni wọ́n fi kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní 1977. Ìlú tí kò béèrè ohun tó wà nínú ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra ni yóò wá àyè fún un nígbà tó bá dé.

Lẹ́yìn náà ni owó epo já wálẹ̀. Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ayé mọ̀ sí SAP kalẹ̀, náírà sì ṣubú. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ tuntun tẹ́lẹ̀ kò lè rà á mọ́. Àsìkò náà ni Yorùbá yọ orúkọ ọmọ kan lò fún ọjà. Tòkunbọ̀ ni ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tó padà wálé, orúkọ iyì ni. Láti ìgbà náà, mọ́tò tí òyìnbó ti lò di tòkunbọ̀, fíríìjì di tòkunbọ̀, táyà di tòkunbọ̀. Ọgbọ́n wà nínú orúkọ yìí, ẹ̀tàn sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń pe ohun tí onílé jù nù ní ọmọ tó wá sílé.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn SAP ni ìkìlọ̀ ńlá àkọ́kọ́ dé. Ní 1988, àṣírí tú pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé láti ilẹ̀ Ítálì wá sí ìlú Kókó, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Ilẹ̀ ẹnìkan ní ìlú náà ni wọ́n háyà láti kó wọn sí, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù ni owó ilẹ̀. Ariwo sọ, ìjọba pe aṣojú rẹ̀ padà láti Ítálì, wọ́n sì kó májèlé náà padà sínú ọkọ̀. Láàárín ọdún yẹn kan náà ni òfin ológun tó ka kíkó pàǹtí olóró wọlé sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n gbére jáde, tí wọ́n sì dá àjọ àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká sílẹ̀. Ní 1989, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fọwọ́ sí àdéhùn Basel lórí pàǹtí olóró. Ní 1991, àwọn ará Áfíríkà ṣe tiwọn ní Bamako, èyí tó le ju ti Basel lọ.

Kókó kọ́ Nàìjíríà láti máa wá àgbá. Pàǹtí tó tẹ̀lé e kò wá nínú àgbá. Ó wá nínú páálí, ó ní wáyà àti ojú dígí, ó sì ní oníbàárà tó ń dúró dè é.

Ní oṣù Ògún 2001 ni ìpè fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà náà, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò tó mílíọ̀nù kan. Kí ọdún 2020 tó parí, iye ìlà tí àwọn ènìyàn ń lò ti lé ní mílíọ̀nù 200. Káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ṣí sí gbogbo kọ̀rọ̀, ilé ẹ̀kọ́ ń wá kọ̀ǹpútà, ọ́fíìsì ń wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Tuntun wọ́n. Òyìnbó sì ń pààrọ̀ tirẹ̀ ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Àìní tibí àti àṣejù tọ̀hún pàdé ní Àpápá.

Ní 2005, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, Basel Action Network, wá sí Èkó, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ní nǹkan bí 500 kọ̀ńténà ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ èbúté Èkó lóṣooṣù. Àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà fúnra wọn ló sọ fún wọn pé nínú ẹrù yìí, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lè jẹ́ ohun tí kò ṣe é tún ṣe, tí kò sì ṣe é tà. Ìṣirò ọjà lásán ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi owó ara wọn ra ẹrù náà ló ṣe é.

Ní 2009 ni ẹ̀rí tó ṣòro láti jiyàn lé lórí jáde. Ẹgbẹ́ Greenpeace àti ilé iṣẹ́ ìròyìn Sky ti ba inú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kan jẹ́ débi tí kò fi lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n fi ohun èlò atọpasẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì fà á kalẹ̀ níbi tí ìjọba Hampshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba pàǹtí fún àtúnlò. Òfin ní kí wọ́n tú u palẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò dúró síbẹ̀. Ó kọjá sọ́wọ́ oníṣòwò, ó wọ kọ̀ńténà, ó sọdá òkun, ọjà Alábà ní Èkó ni wọ́n ti lọ rà á padà. Òkú ẹ̀rọ ni, orúkọ ọjà ni wọ́n fi kó o wọlé.

Ìwádìí tó péye jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Ibùdó àdéhùn Basel fún Áfíríkà, tó wà ní Ìbàdàn, àti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ran àwọn olùwádìí lọ jókòó sí èbúté Èkó méjèèjì, Àpápá àti Tin Can, fún ọdún méjì. Èsì rẹ̀ jáde ní 2018: nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún. Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì àti Bẹ́ljíọ̀mù ló ń kó o wá jù. Ó kéré tán, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ti kú kí ó tó dé. Ohun tó ya àwọn olùwádìí lẹ́nu jù ni ibi tí ẹrù náà fara pamọ́ sí. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò wá nínú kọ̀ńténà tirẹ̀ rárá. Inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n kó o sí, lórí ìjókòó ẹ̀yìn, nínú bọ́ọ̀tù àti nínú ikùn àwọn bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ ni aṣọ́bodè ń yẹ̀ wò, tẹlifíṣọ̀n inú rẹ̀ sì ń bá a kọjá.

Kò ní bá òtítọ́ mu láti pe gbogbo òwò yìí ní òwò ikú. Ẹni tó bá rìn wọ ọjà Westminster ní Àpápá, tàbí Alábà, tàbí ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, yóò rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò lọ sí yunifásítì tó ń fi irin ìjó-òjé kékeré sọ ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ̀ láti tún ṣe di ààyè. Kọ̀ǹpútà tí Lọ́ńdọ̀nù lò fún ọdún mẹ́ta tún ń lo ọdún mẹ́fà ní Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè ra tuntun fi i kọ́ iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ. Bí ayé bá ń wá àwọn tó mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀mí gùn fún ẹ̀rọ, kí pàǹtí lè dín kù, ibí yìí ni wọ́n wà.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rọ ló ń kú níkẹyìn, òkú rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí ibi tí talákà ń gbé. Àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò láti ra irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ló ń gba ẹ̀rọ tó bá ti bàjẹ́ tán. Wọ́n ń fi òòlù fọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n, nínú irú èyí tí ó nípọn láyé àtijọ́ ni òjé pọ̀ sí. Wọ́n ń dáná sun wáyà kí rọ́bà ara rẹ̀ lè yọ́ kúrò lára bàbà. Èéfín dúdú tó ń jáde ní májèlé tí ojú kò rí, tó ń bà sórí ilẹ̀, sórí ẹ̀fọ́ àti sínú adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri. Ní Agbogbloshie, ní Àkírà, Gánà, níbi tí irú iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀, ìwádìí kan tó jáde ní 2019 fi hàn pé ẹni tó bá jẹ ẹyin adìyẹ ibẹ̀ kan ṣoṣo ti gba májèlé dáyọ́síìnì tó jẹ́ ìlọ́po 220 èyí tí Yúróòpù kà sí ààlà fún ọjọ́ kan.

Ajégúnlẹ̀ tún ní ìṣòro tirẹ̀ lórí èyí. Ilẹ̀ àbàtà ni, ó lọ sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, àwọn gọ́tà á kún, omi á wọ ìyẹ̀wù. Ohun tí wọ́n bá dà sí ojú ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí lè wà lórí ẹní ọmọdé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òjé kì í ṣe ohun tí ara ọmọdé lè bá ṣeré. Ó ń dín làákàyè kù, ohun tó bá sì bàjẹ́ nínú ọpọlọ ọmọ kì í padà. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó lé ní mílíọ̀nù 18 káàkiri ayé ló ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ aláìgbàṣẹ tí òwò pàǹtí jẹ́ apá kan lára rẹ̀. Ọmọ tó ń sun wáyà kí ó lè rí owó oúnjẹ kò mọ̀ pé òun ń fi ọdún ọjọ́ iwájú òun pààrọ̀ owó náà.

Èrè rẹ̀ ńkọ́? Bàbà tí wọ́n sun jáde, àti pátákó inú kọ̀ǹpútà tí wúrà díẹ̀díẹ̀ wà lára rẹ̀, kì í pẹ́ nílé. Wọ́n ń kó wọn jọ, wọ́n ń tà wọ́n fún àwọn tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìyọ́rin ní Yúróòpù àti Éṣíà. Ohun tó níye lórí ń gba orí omi padà lọ, èéfín àti eérú ń dúró. Ajé ṣí, pàǹtí gúnlẹ̀.

Òfin kò ṣaláìsí. Àjọ NESREA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, gbé ìlànà pàtó lórí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ jáde ní 2011. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2013, wọ́n mú ọkọ̀ MV Marivia ní Tin Can pẹ̀lú kọ̀ńténà méjì tó kún fún pàǹtí ẹ̀rọ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù kan dọ́là lé e. Ní 2014, ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rán oníṣòwò kan lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 16 nítorí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, àtúnṣe sí àdéhùn Basel ti sọ ọ́ di dandan pé kí orílẹ̀-èdè tó ń gba pàǹtí ẹ̀rọ, ìbáà ní oró tàbí kò ní, kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ó tó gbéra.

Ibi tí òfin ti ń jò ni ọ̀rọ̀ kékeré kan: "àlòkù". Lábẹ́ àdéhùn Basel, pàǹtí nílò ìfọwọ́sí yẹn, àlòkù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò nílò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó pàǹtí wọlé kò ní ju kí ó pè é ní àlòkù lọ. Láti mọ ìyàtọ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi wáyà kan iná, kí ó sì wò ó bóyá ẹ̀rọ náà yóò tàn. Ní èbúté tí ọkọ̀ akẹ́rù ti tò sójú pópó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, débi tí ìjọba fi gbé ètò ìpe-ọkọ̀ orí ẹ̀rọ tí wọ́n sọ ní "Ètò" kalẹ̀ ní 2021, ta ni yóò dúró dán tẹlifíṣọ̀n wò lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ẹjọ́ náà kì í sì í ṣe ti òyìnbó nìkan mọ́. Ìṣirò àgbáyé fi hàn pé ní 2019 nìkan, pàǹtí ẹ̀rọ tó jáde láti ilé àti ọ́fíìsì ní Nàìjíríà tó nǹkan bí 461,000 tọ́ọ̀nù. Bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 60,000 tọ́ọ̀nù àlòkù tó ń wọlé lọ́dún, yóò hàn pé bí a bá ti ilẹ̀kùn èbúté pa lónìí, òkìtì náà kò ní tán. Fóònù tí wọ́n rà ní tuntun nínú páálí yóò di pàǹtí bákan náà. Àgbáyé pàápàá kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe: nínú mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù tó jáde káàkiri ayé ní 2022, èyí tí àkọsílẹ̀ wà pé wọ́n kó jọ tí wọ́n sì tún lò bó ṣe yẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ìdí nìyí tí ìlànà tuntun tí Nàìjíríà gbà fi ṣe pàtàkì: ẹni tó bá ṣe ẹ̀rọ tàbí tó kó o wọlé ni yóò san owó ìparí rẹ̀. Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ EPRON sílẹ̀ ní 2018 láti máa gba owó náà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́, kí wọ́n sì fi sanwó fún àwọn tó ń tú ẹ̀rọ láìdáná sun ún. Ìlànà náà dára. Ìdánwò rẹ̀ kò sí ní ilé ìtura tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé lé e lórí. Ìdánwò rẹ̀ ni bóyá ẹni tó ń ti ọmọlanke ní Ajégúnlẹ̀ yóò rí owó tó pọ̀ gbà lórí wáyà tí a kò sun ju èyí tí a sun lọ. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì ń sanwó jù, iná ni yóò máa jó. Bí wọ́n bá lé àwọn onípàǹtí kúrò níbì kan láìfún wọn ní ọ̀nà mìíràn, wọn yóò kàn gbé iná wọn lọ síbòmíràn ni.

Ní 1921, ilé ẹjọ́ sọ fún ìjọba pé kò lè fi ilẹ̀ Àpápá wá ọrọ̀ kí ó má san ohun tó tọ́ fún àwọn tó ni ín. Ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ nígbà náà. Lónìí, afẹ́fẹ́, omi àti ọpọlọ ọmọdé ni wọ́n ń gbà, kò sì sí Olúwa kan tó wọkọ̀ lọ bèèrè owó rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ta fóònù ti gba èrè tirẹ̀, ìjọba ti gba owó ibodè, oníṣòwò ti jẹ. Gbèsè tó kù wà lọ́rùn àwọn tí a kò tíì bí, àwọn tí àgbà òfin Yorùbá kà mọ́ onílẹ̀. Ajé tó bá gúnlẹ̀ ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ san owó ìbùdókọ̀ rẹ̀.